Igi wo ló yẹ kó ṣáájú lágbègbè yín?

Ọdún 2024 ni owó kòkó ya wèrè lọ́jà àgbáyé. Ní oṣù kẹta, tọ́ọ̀nù kan kọjá $10,000. Kí ọdún náà tó parí, ó ti kọjá $12,000. Ẹni tí kò fọwọ́ kan àdá rí bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ilẹ̀ kòkó. Nígbà tó di 2025, iye náà já wálẹ̀ gan-an. Kòkó tí wọ́n fi ìtara gbìn kò tíì so nígbà yẹn, torí pé igi kòkó sábà máa ń lò tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so.

Bẹ́ẹ̀, iye tí wọ́n ń tà lọ́dún yìí ni ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ fi ń yan irè oko tí wọ́n á náwó lé lórí. Èmi ò gbà pé ọ̀nà nìyẹn. Igi tó yẹ kó ṣáájú ni èyí tí àgbègbè yín fi ta àwọn aládùúgbò rẹ̀ yọ, tí owó rẹ̀ sì ń yí ká nínú ìlú kó tó jáde lọ. Nǹkan méjèèjì yìí ṣeé ṣírò. Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó mọ ìṣirò dáadáa lè ṣe é lórí tábìlì rẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú náà lè ṣe é. Ilẹ̀ Yorùbá ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ níbí.

Kọ́kọ́ pa ààlà

Ìpínlẹ̀ ti tóbi jù fún iṣẹ́ yìí. Nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kan náà, ìhà Ìdí-Ayùnrẹ́ jẹ́ ilẹ̀ igbó tó gba kòkó, Ògbómọ̀ṣọ́ sì jẹ́ ilẹ̀ ọ̀dàn tí kajú fẹ́ràn. Ní Oǹdó, kòkó ni Ìdànrè ń jẹ, àmọ́ bí o bá sọ̀ kalẹ̀ dé Òkìtìpupa, ọ̀pẹ ló gba ilẹ̀. Ẹni tó bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, tó wá sọ pé kòkó ni igi ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò parọ́, ṣùgbọ́n kò wúlò fún ará Òkìtìpupa.

Ẹ mú ìjọba ìbílẹ̀ kan, tàbí méjì sí mẹ́ta tí ilẹ̀ wọn jọra tí wọ́n sì ń ná ọjà kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ gbogbo igi tí àwọn èèyàn ń gbìn fún títà níbẹ̀ sílẹ̀, kékeré àti ńlá: kòkó, ọ̀pẹ, obì gbànja, obì àbàtà, kajú, rọ́bà, kọfí, àgbọn, orógbó. Ẹ má fo orógbó, ẹ má sì fo àbàtà. Ọ̀pọ̀ ìwé ìjọba kì í kà wọ́n rárá, bẹ́ẹ̀ kò sí ìyàwó tí wọ́n ń gbé, kò sí ọmọ tí wọ́n ń sọ lórúkọ, tí wọn kì í rà wọ́n fún.

Òjò ló máa kọ́kọ́ yọ àwọn kan kúrò nínú ìwé yín. Kòkó ń fẹ́ òjò bíi milimítà 1,250 sí 2,000 lọ́dún, ẹ̀ẹ̀rùn kò sì gbọdọ̀ kọjá oṣù mẹ́ta. Ọ̀pẹ àti rọ́bà ń fẹ́ kó sún mọ́ 2,000, kó sì pín káàkiri inú ọdún. Kajú ní tirẹ̀ lè fi 1,000 ṣe é, ẹ̀ẹ̀rùn gígùn kò ṣe é ní nǹkan. Òjò tó bá rọ̀ nígbà tó ń tanná gan-an ló ń bà á jẹ́. Kọfí Robusta wà ní ìhà Kábbà ní ìpínlẹ̀ Kogí, láàárín àwọn Yorùbá Ọ̀kun. Igi tí òjò àgbègbè yín kò tó, ẹ yọ ọ́, ì báà jẹ́ pé gómìnà ló fẹ́ràn rẹ̀.

Wá iye, kí o sì fura sí i

Ọ́fíìsì ADP, ìyẹn ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀, ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé ìṣirò oko. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ irè oko wò ní ti wọn, wọ́n ní àkọsílẹ̀ iye tí wọ́n lù lóǹtẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó, CRIN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìdí-Ayùnrẹ́ lọ́dún 1964, kì í ṣe ti kòkó nìkan: obì, kọfí, kajú àti tíì wà lábẹ́ rẹ̀. NIFOR, ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ ní Benin City, ló ń mójú tó ọ̀pẹ àti àgbọn. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ gbogbo wọn, ti ọdún márùn-ún ó kéré tán.

Ibi mẹ́ta ni irọ́ máa ń wà nínú àwọn ìwé yìí. Àkọ́kọ́, ilẹ̀ ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ọjọ́ orí igi. Oko kòkó hẹ́kítà méjì tí bàbá àgbà gbìn kí Nàìjíríà tó gba òmìnira àti hẹ́kítà méjì tí wọ́n gbìn ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn kò jọra, àmọ́ nínú ìwé, ọ̀kan náà ni wọ́n. Èkejì, ibi tí wọ́n ti yẹ kòkó wò ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, ìyẹn sì lè jẹ́ ìlú mìíràn sí ibi tí wọ́n ti ká a. Ẹ̀kẹta, àwọn kan ń fi éékà kà, àwọn kan ń fi hẹ́kítà. Hẹ́kítà kan fi díẹ̀ dín sí éékà méjì ààbọ̀. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan kí ẹ tó fọwọ́ kan ìṣirò.

Àtúnṣe tó dára jù tí mo mọ̀ ni kí ẹ lọ bá àwọn tó ń wọn irè oko lórí òṣùwọ̀n, àwọn oníṣòwò tó ń rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀. Iye àpò tó ń gba ọwọ́ wọn kọjá nígbà ìkórè ńlá àti nígbà ìkórè kékeré kì í fara sin fún wọn. Àpò kòkó jẹ́ bíi kílò 62.5, nítorí náà àpò mẹ́rìndínlógún ló ń di tọ́ọ̀nù kan. Bí iye tí oníṣòwò mẹ́rin tàbí márùn-ún bá pe bá jìnnà sí ti ìwé ìjọba, ti oníṣòwò ni kí ẹ mú. Kí ẹ tó lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ò bá ti owó orí wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iye tí wọ́n máa pè kò ní tó ìdajì.

Ìpín àgbègbè sí ìpín ìpínlẹ̀

Ibí lọ̀rọ̀ wà. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ń pe ìṣirò yìí ní Location Quotient, LQ. Orúkọ yẹn ló le, ìṣirò náà kò le. Ohun tó ń béèrè ni pé: nínú gbogbo ilẹ̀ tí a fi gbin igi títà lágbègbè wa, ìdá mélòó ni igi yìí ní? Ní gbogbo ìpínlẹ̀, ìdá mélòó ni igi yìí kan náà ní? Ẹ fi ti ìpínlẹ̀ pín ti àgbègbè. Bí èsì bá ju 1 lọ, igi yẹn jinlẹ̀ lọ́dọ̀ yín ju ibòmíràn lọ. Bí kò bá tó 1, àwọn ẹlòmíràn ló ni ín.

Ẹ jẹ́ ká fi iye àròsọ ṣe é. Ká ní ìjọba ìbílẹ̀ kan ní hẹ́kítà 10,000 lábẹ́ igi: kòkó 6,000, ọ̀pẹ 2,000, obì gbànja 1,500, kajú 500. Ìpínlẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ní 200,000: kòkó 120,000, ọ̀pẹ 50,000, gbànja 15,000, kajú 15,000.

Kòkó: ìdá 60 nínú 100 lágbègbè, ìdá 60 ní ìpínlẹ̀. LQ = 1.
Ọ̀pẹ: 20 sí 25. LQ = 0.8.
Gbànja: 15 sí 7.5. LQ = 2.
Kajú: 5 sí 7.5. LQ = 0.67.

Ẹni tó bá fojú lásán wò ó á ní kòkó ni, torí pé òun ló gba ilẹ̀ jù. Àmọ́ bí gbogbo ìpínlẹ̀ ṣe ń gbin kòkó náà ni ibí yìí ṣe ń gbìn ín. Kò fi nǹkan kan ta àwọn yòókù yọ. Obì gbànja tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ nípàdé ni àgbègbè yìí fi ju ìpínlẹ̀ lọ nílọ́po méjì. Ibi tí obì bá ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò lè ṣàìsí àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, oníṣòwò tó ń wá a wá, àti mọ́tò tó ń gbé e.

Ẹ tún LQ ṣe lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ fi tọ́ọ̀nù rọ́pò hẹ́kítà. Bí ti hẹ́kítà bá ga tí ti tọ́ọ̀nù sì kéré, igi yín ti darúgbó tàbí àrùn ń bá a jà. Kò túmọ̀ sí pé kí ẹ fi í sílẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé owó tí ẹ bá ní, títún oko ṣe ni kó bá lọ, kì í ṣe gbígbin tuntun.

Ta ló ń dàgbà, ta ló ń rọ̀?

LQ dà bí fọ́tò: ọjọ́ kan ṣoṣo ló ń fi hàn. Ẹ gbé iye ọdún márùn-ún sẹ́yìn wá, kí ẹ wo bí igi kọ̀ọ̀kan ṣe lọ sókè tàbí wálẹ̀ lágbègbè yín, kí ẹ sì fi wé ti ìpínlẹ̀.

Ká padà sí àròsọ wa. Gbànja jẹ́ hẹ́kítà 1,600 tẹ́lẹ̀, ó di 1,500. Ó fi ìdá 6 nínú 100 dín. Ní ìpínlẹ̀, ó kúrò lórí 18,000 bọ́ sí 15,000, ó fi bíi ìdá 17 dín. Obì ń dín kù níbi gbogbo, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ yín ló ti ń lágbára jù. Kajú ní tirẹ̀ fi 200 di 500 lágbègbè, ó fi 10,000 di 15,000 ní ìpínlẹ̀. Ó ṣì kéré lọ́dọ̀ yín, LQ rẹ̀ kò dé 1, àmọ́ eré tó ń sá ju ti ìpínlẹ̀ lọ fíìfíì.

Báyìí ni igi á pín sí ọ̀nà mẹ́rin: èyí tí LQ rẹ̀ ga tó sì ń dàgbà ju ti ìpínlẹ̀ lọ, ìyẹn ni ọba, èyí tí LQ rẹ̀ ga ṣùgbọ́n tó ń rọ̀ ju ti ìpínlẹ̀ lọ, ó ń fẹ́ ìtọ́jú, èyí tí LQ rẹ̀ kéré tó ń yára dàgbà, ẹ máa ṣọ́ ọ, èyí tó kéré tó sì ń rọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Gbànja inú àròsọ wa wà lọ́nà kìíní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ rẹ̀ dín kù, torí pé àwọn yòókù ló ń pàdánù jù.

Owó wo ló ń dúró nílùú?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ti máa ń dákẹ́, ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ kí ẹ jókòó pẹ́ sí. Ẹ tẹ̀ lé irè oko kọ̀ọ̀kan láti ìdí igi títí dé ibi tó ti kúrò nílùú, kí ẹ máa kọ ẹni tó gba owó níbi kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo obì gbànja. Wọ́n á fọ́ èèpo rẹ̀, obì á jáde pẹ̀lú awọ funfun lára. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi tàbí kí wọ́n kó o jọ kí awọ náà lè rọ̀, wọ́n á wá bó o, wọ́n á fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á ṣà á: èyí tí kòkòrò ti lu ihò sí lára lọ́tọ̀, èyí tó ṣẹ́ lọ́tọ̀, ńlá lọ́tọ̀, wẹ́wẹ́ lọ́tọ̀. Wọ́n á tẹ́ ewé tútù sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á dì í. Bí wọ́n bá ń tọ́jú rẹ̀ de owó tó dára, wọ́n á máa tú u wò lóòrèkóòrè kí èyí tó bàjẹ́ má bàa kó ran àwọn yòókù. Obìnrin ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, ìlú tí wọ́n ti ká a náà ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ṣàgámù àti gbogbo Rẹ́mọ mọ iṣẹ́ náà, àwọn Hausa tó ń gbé e lọ sókè sì ti bá wọn gbé ní Sábó láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọ̀pẹ náà ń fi owó sílẹ̀. Ẹyìn kò ṣeé gbé rìn jìnnà: láàárín ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ ọ́, ó yẹ kó ti dé ẹbu, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ epo rẹ̀ á kan. Èyí fi dandan mú kí iṣẹ́ wà nítòsí oko. Epo pupa jáde, èkùrọ́ ṣẹ́kù, àdín jáde lára èkùrọ́, ọṣẹ tẹ̀ lé e, ìhá di ohun ìdáná. Àmọ́ nǹkan kan náà yìí ni àléébù rẹ̀: bí ọ̀nà oko yín bá burú débi tí mọ́tò ń há sínú ẹrẹ̀ ní oṣù keje, ọ̀pẹ kò lè jẹ́ ọba níbẹ̀ àfi bí ẹbu bá súnmọ́ oko.

Kòkó àti kajú, wọ́n máa ń tètè jáde. Àgbẹ̀ á sé kòkó fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, á sá a, ó di inú àpò, ó di Èkó, ó di òkè òkun. Ilé-Olùjí ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti máa lọ kòkó, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú kòkó wa, hóró rẹ̀ ló ń lọ bẹ́ẹ̀. Kajú burú jù ú lọ lọ́nà yìí: Vietnam àti Íńdíà ni wọ́n ti ń là á. Oníṣòwò á bu díẹ̀ nínú àpò, á là á, á wọn ọmọ inú rẹ̀, á ṣírò iye pọ́nùn ọmọ kajú tó wà nínú kílò 80. Bó bá ṣe ń sún mọ́ 50 ni owó ń dára. Àgbẹ̀ tó sá kajú rẹ̀ gbẹ dáadáa, tí kò sì fi ọwọ́ já a lórí igi kó tó jábọ́, lè gba owó tó ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ, àmọ́ iṣẹ́ lílà náà ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ.

Ẹ tún béèrè ọ̀dọ̀ ta ni owó náà dúró sí. Àwa Yorùbá ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀. Owó kòkó wà nídìí Cocoa House tí wọ́n parí n'Ìbàdàn lọ́dún 1965 àti ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìjọba apá Ìwọ̀-Oòrùn ayé ìgbà náà. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà rí owó yẹn ni pé àjọ tó ń ra kòkó ń san iye tó kéré sí ti ọjà àgbáyé fún àgbẹ̀. Nígbà tí owó orí tún wá gun orí rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ dìde: Àgbẹ̀kọ̀yà, 1968 sí 1969. Ìjọba fagi lé àwọn àjọ náà lọ́dún 1986. Nínú ìwé yín, ẹ ya iye tó dúró sọ́wọ́ àgbẹ̀ àti alágbàṣe sọ́tọ̀ kúrò lára iye tó dúró sí àpò ìjọba.

Ọjà àti òfin rẹ̀

Ẹ gba iye owó ọdún mẹ́wàá, ẹ má gba ti ọdún kan. Ẹ kọ èyí tó kéré jù sílẹ̀, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀ bóyá ó ṣì máa ká a bí owó bá padà síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, òfin. Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin kan lọ́dún 2023, EUDR: kòkó, kọfí, ọ̀pẹ àti rọ́bà tó bá ti inú ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 wá kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò ti ń béèrè àmì ibi tí oko wà láti ojú sátẹ́láìtì. Oko tó ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ gbọ́dọ̀ ní ààlà rẹ̀ yíká; èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, ojú kan ṣoṣo tó. Bí ọ̀pọ̀ kòkó yín bá wà nínú igbó rìsáàfù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ewu gidi. Obì àti kajú kò sí nínú òfin náà. Epo pupa tí a ń jẹ nílé kò ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀ pẹ̀lú, ọjà rẹ̀ sì wà lẹ́nu ọ̀nà: Nàìjíríà tó jẹ́ aṣáájú nínú títa epo pupa fún ayé rí ti di ẹni tó ń ra kún un.

Ewu obì ni pé òkè ọya ni ọjà rẹ̀. Bí ọ̀nà ibẹ̀ bá dí, apẹ̀rẹ̀ á jókòó.

Ilẹ̀ àti irúgbìn

Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ṣé onílẹ̀ á jẹ́ kó gbin igi? Níbi púpọ̀, rárá: ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni wọ́n máa gbà fún un, torí pé igi ń sọ àlejò di onílẹ̀. Ẹ bá àwọn olórí ẹbí sọ ọ́ kí ẹ tó yan igi tí àlejò máa ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá àwọn obìnrin náà lè rí ilẹ̀ gbin igi.

Ní ti irúgbìn, ọ̀pẹ ni jìbìtì pọ̀ sí jù. Tenera ni èyí tó dára fún epo. Bí o bá fi ọ̀bẹ la èso rẹ̀, èèpo líle tó bo èkùrọ́ inú rẹ̀ tín-ín-rín, àwọn okùn dúdú sì tò yí i ká. Èèpo líle ti Dura nípọn, kò sì ní òrùka dúdú náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣì wà nínú ọ̀rá, ojú kò lè dá wọn mọ̀, ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ló sì máa gbà kó tó so. Lọ́wọ́ NIFOR tàbí ẹni tó ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ni kí ẹ ti rà á. Fún kòkó, CRIN ní irú tó ń yá so. Kí ẹ má gbàgbé pé àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti kókò láàárín kòkó ni wọ́n fi ń ṣe é láti ayébáyé, wọ́n sì ń fún un ní ibòòji.

Fún un ní máàkì

Ní ìpàdé tí àgbẹ̀, oníṣòwò, onílẹ̀ àti obìnrin tó ń ṣa irè oko wà níbẹ̀, ẹ pín 100: LQ pẹ̀lú ìdàgbàsókè 30, owó tó ń dúró nílùú 30, ọjà 20, ilẹ̀ àti irúgbìn 20. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kọ iye. Nínú àròsọ wa, ká ní gbànja gba 24, 25, 10, 15, àpapọ̀ 74, ọ̀pẹ 12, 26, 16, 12, àpapọ̀ 66, kòkó 57, kajú 55.

Ẹ má dá a dúró síbẹ̀. Ẹnìkan á sọ pé ọjà ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ gbà fún un: ẹ sọ ọjà di 35, kí owó tó ń dúró di 15. Ẹ gbé máàkì kọ̀ọ̀kan sókè tàbí wálẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà: 25 tí gbànja gba lórí owó á di 12.5, 10 tó gba lórí ọjà á di 17.5. Gbànja á di 69, ọ̀pẹ á di 65. Bí ẹ bá yí i padà tí igi tó wà nípò kìíní kò yí padà, ẹ lè fọkàn balẹ̀ lé e. Bó bá yí padà ní kété tí ẹ fọwọ́ kàn án, igi méjì ni kí ẹ mú, kí ẹ pín owó náà.

Kí owó ìlú tó jáde, ẹ gbin èyí tí ẹ yàn sí oko àwọn àgbẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n fúnra wọn gbà, kì í ṣe oko alága. Ní oṣù kìíní ọdọọdún, lẹ́yìn ìkórè ńlá, akọ̀wé ẹgbẹ́ máa kọ mẹ́rin yìí sínú ìwé kan: àpò tó jáde, iye tí àgbẹ̀ gbà lórí òṣùwọ̀n, iye obìnrin tó rí iṣẹ́ ṣíṣà tàbí ẹbu ṣe, àti igi tuntun tó yè nínú èyí tí wọ́n gbìn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹ tún LQ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iye tuntun.